Owó sólà ní Ìkòròdú: ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n ń gbà san án, àti èyí tó bá àpò yín mu

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa tó kọjá, ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín ní Sábó dúró dè mí títí gbogbo èèyàn fi túká. Ó ká ìwé méjì sínú báàgì, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé ẹni tó bá gbé sólà sórí ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù, ìjọba á dá ìdá 30 nínú 100 owó náà padà fún un. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ibo la ti ń gba fọ́ọ̀mù rẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá mi, Amẹ́ríkà ni o."

Kì í ṣe àwàdà. Òfin kan wà lọ́hùn-ún, tí wọ́n ṣe ní 2022, tó jẹ́ kí ẹni tó bá gbé sólà sílé yọ ìdá 30 nínú 100 iye tó ná kúrò nínú owó-orí tó yẹ kó san. Òun náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Òfin mìíràn tí ààrẹ wọn fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2025 sọ pé sólà ilé tí wọ́n bá náwó lé lórí lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2025 kò sí nínú ètò náà mọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri yẹn ti gbó, kì í sì í ṣe tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀. South Africa náà dán irú rẹ̀ wò fún ọdún kan péré, láti oṣù Kẹta 2023 dé òpin oṣù Kejì 2024: ìdá 25 nínú 100 owó páńẹ́ẹ̀lì, tí kò sì gbọdọ̀ ju ráńdì 15,000 lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò gba VAT lórí sólà ilé láti oṣù Kẹrin 2022, ètò yẹn yóò sì wà títí di òpin oṣù Kẹta 2027. Ẹ kíyè sí i pé inú owó-orí tí èèyàn ń san ni ti Amẹ́ríkà àti ti South Africa ti ń yọ ọ́. Ẹni tí kò san owó-orí tó nǹkan, inú kí ni wọ́n fẹ́ yọ tirẹ̀?

Èmi ni mò ń kọ ìwé owó ẹgbẹ́ wa, ìwé sólà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń mú wá báyìí sì ti fẹ́ pọ̀ ju ìwé ilẹ̀ lọ. Ohun tí mo ti rí nínú wọn kò ju ẹyọ kan lọ: níbí, owó epo tẹ́ ẹ ń dà sínú jẹnẹrétọ̀ ló máa san owó sólà yín. Ọ̀nà tí owó oṣooṣù rẹ̀ bá kéré sí owó epo yín, ẹ lè ronú sí i. Èyí tó bá ju owó epo lọ, gbèsè ni, bó ti wù kí orúkọ tí wọ́n fún un dùn tó.

Ohun tí ìjọba ń ṣe, àti ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ sí

Mi ò sọ pé ìjọba ò ṣe nǹkan kan. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó 750 mílíọ̀nù dọ́là ní oṣù Kejìlá 2023 fún ètò kan tí wọ́n ń pè ní DARES. Àjọ REA, tó ń mójú tó iná ìgbèríko, ló ń bójú tó o, èèyàn mílíọ̀nù 17.5 ni wọ́n sì fẹ́ kí iná rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n owó náà kì í wá sọ́dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ilé. Iléeṣẹ́ tó ń ta sólà ni wọ́n ń fún, bó bá ti so iná fún àwọn tí iná kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ó lè tà á ní ẹ̀dínwó. Bẹ́ ẹ bá wà ní abúlé etí omi lẹ́yìn Bayékù tàbí ní oko Ìmọ́tà, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ẹni tó gbé sólà kékeré wá bá yín ni pé, "Ṣé iléeṣẹ́ yín wà nínú DARES? Èló lẹ yọ nínú owó rẹ̀ nítorí ẹ̀?" Ẹni tó bá wà ní àárín ìgboro, tí wáyà NẸ́PÀ kọjá lórí ilé rẹ̀, kí ó má fi ojú sọ́nà fún un.

Ìjọba àpapọ̀ tún dá CREDICORP sílẹ̀ ní 2024, kí òṣìṣẹ́ lè máa ra ọjà láwìn nípasẹ̀ báńkì. Sólà wà lára ohun tí wọ́n ń rà bẹ́ẹ̀. Ó wúlò fún tíṣà, nọ́ọ̀sì, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń gba báńkì kọjá. Ìyá ẹlẹ́ja kò ní ìwé owó oṣù.

Ti oníṣòwò ńkọ́? Àwọn kan á sọ fún yín pé iléeṣẹ́ lè fi owó sólà dín owó-orí kù, torí pé ẹ̀rọ iṣẹ́ ni. Òótọ́ ni, fún iléeṣẹ́ ńlá tó wà ní Odogunyan. Àmọ́ láti ìgbà òfin ìnáwó 2019 ni iléeṣẹ́ tí ọjà tó ń tà lọ́dún kò tó mílíọ̀nù 25 náírà ti bọ́ lọ́wọ́ owó-orí iléeṣẹ́, òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2026 sì tún fẹ ẹnu ọ̀nà yẹn sí i. Ẹni tí kò ní owó-orí láti san kò rí ohun tó máa dín kù. Àǹfààní tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún erin, èèrà kò lè gbé e.

Ẹ kọ́kọ́ ka owó epo

Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ní Ìkòròdú yìí. Egbin wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀dè, ẹ̀rọ mẹ́fà, 220 mẹ́gáwáàtì ìkọ̀ọ̀kan, 1,320 lápapọ̀, láti 1985. Wáyà ńláńlá ń gba orí oko wa kọjá lọ síbòmíràn. Àwa sì rèé nídìí jẹnẹrétọ̀, à ń fa okùn.

Mo bi ìyá ẹlẹ́ja pé èló ló ń ná sórí epo. Ó ní òun ò mọ̀, òun kàn ń rà á ni. Èsì tí gbogbo èèyàn ń fún mi nìyẹn. A jókòó, a kà á: lítà márùn-ún lójúmọ́ fún fírísà méjì, ₦900 lítà kan níbi tó ti ń rà á, ọjọ́ 26 lóṣù. ₦117,000. A ò tíì ka ọ́ìlì, a ò ka pọ́lọ́ọ̀gì, a ò ka ẹja tó bàjẹ́ ní ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023 ni owó epo rẹ̀ ti fò sókè, kò sì jókòó kà á rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà lórí Band A, ìyẹn àwọn tí iléeṣẹ́ iná ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, ẹ dúró díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n gbé owó yúnìtì kan fún Band A lọ sí ₦225, ó sì wá dín díẹ̀ lẹ́yìn náà. Owó gọbọi ni, àmọ́ lítà epo kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í fúnni ju yúnìtì méjì lọ, ìyẹn ni pé yúnìtì orí epo wọ́n ju ti Band A lọ ní ìlọ́po méjì. Bí wákàtí 20 tí wọ́n ṣèlérí bá ń pé lóòótọ́ ní àdúgbò yín, bátìrì àti inverter lásán, láìsí páńẹ́ẹ̀lì, lè tó yín. Ẹ má torí pé aládùúgbò gbé sólà lọ yá mílíọ̀nù méjì.

Ọ̀nà márùn-ún, owó ọjà kan náà

Inverter 3.5kVA, bátìrì lithium tó ń gba yúnìtì márùn-ún, páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó jẹ́ wáàtì 550 ìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó iṣẹ́: ₦2,400,000 ni wọ́n kọ fún ìyá ẹlẹ́ja. Mo fi iye yẹn wo gbogbo ọ̀nà. Ti yín lè yàtọ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

| Ọ̀nà | Owó àkọ́san | Oṣooṣù | Oṣù mélòó | Gbogbo rẹ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Owó lẹ́ẹ̀kan náà | 2,400,000 | kò sí | kò sí | 2,400,000 |
| Alájẹṣẹ́kù | 800,000 | 99,600 | 18 | 2,592,000 |
| Báńkì | 720,000 | 117,000 | 18 | 2,827,000 |
| Háyà | 150,000 | 95,000 | 36 | 3,570,000 |
| Àwìn oní-sólà | 720,000 | 160,500 | 18 | 3,610,000 |

Èlé báńkì tí mo lò jẹ́ ìdá 30 nínú 100 lọ́dún, ti alájẹṣẹ́kù jẹ́ ìdá 12 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí gbogbo owó tí wọ́n yá, ti oní-sólà, ìyẹn ẹni tó ń ta sólà náà, jẹ́ ìdá 4 lóṣù. Ẹ má tíì yan nǹkan kan. Ibi tí ìjà wà gan-an ni ìlà kẹta àti ìlà karùn-ún.

Ìwé méjì tó wà nínú báàgì

Ìwé báńkì àti ìwé oní-sólà ni ìwé méjì tí ìyá náà mú wá. Ó ti yan ti oní-sólà. Ó ní, "Ṣé 4 ò kéré sí 30 ni?"

Mo mú kákúlétọ̀ jáde. Nínú ìwé oní-sólà, ó san ₦720,000 sílẹ̀, ó ku ₦1,680,000. Ìdá 4 nínú 100 iye yẹn jẹ́ ₦67,200. Ní oṣù kìíní, ó san ₦67,200 èlé. Ní oṣù kejì, ó ti dá díẹ̀ padà nínú ojú owó, àmọ́ èlé ṣì jẹ́ ₦67,200. Ní oṣù kejìdínlógún, tí gbèsè tó kù kò ju ₦93,000 àti díẹ̀ lọ, èlé tó máa san lórí rẹ̀ ṣì jẹ́ ₦67,200 yẹn náà. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, "Ẹ̀yin, owó tí mo ti san padà, wọ́n ṣì ń gba èlé lórí ẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni. Èlé nìkan nínú ìwé yẹn lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà.

Ti báńkì, èlé ń tẹ̀ lé gbèsè bó ṣe ń dín kù. Bí ojú owó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni èlé ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo èlé oṣù 18 rẹ̀ kò tó ₦430,000. 30 tó ń dẹ́rù bà á ló rọrùn, 4 tó ń rẹ́rìn-ín sí i ló fẹ́ jẹ ẹ́ run.

Nítorí náà, ẹ má bi ẹni tó ń tajà pé èlé yín jẹ́ èló. Ìbéèrè méjì ni kẹ́ ẹ bi í: "Èló ni màá san lóṣooṣù? Oṣù mélòó?" Ẹ fi èkíní sọ èkejì di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi owó àkọ́san kún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ àpapọ̀ rẹ̀ fún yín, ó mọ ìdí tí kò fi fẹ́ sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí n má kàn máa yin báńkì nìkan. Owó báńkì kì í bọ́ sọ́wọ́ ní ojú iye tí wọ́n pè é: wọ́n á yọ owó ìwé, wọ́n á yọ owó adójútòfò. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú onídùúró wá, kẹ́ ẹ mú ìwé báńkì oṣù mẹ́fà wá. Bí báńkì àpapọ̀ bá sì tún gbé èlé tirẹ̀ sókè, bó ti ṣe léraléra ní 2024 títí ó fi dé ìdá 27.5, báńkì tẹ́ ẹ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbé tiyín náà sókè láàárín ọ̀nà. Ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí fún wọn láyè. Ẹ wá ibi tó wà nínú rẹ̀.

Owó báńkì yẹn sì bá owó epo ìyá ẹlẹ́ja dọ́gba géérégé. Ó máa ṣeé san, àfi bí oṣù kan bá wà tí ọjà ò tà.

Alájẹṣẹ́kù àti àjọ

Ẹ ó ní mo ń polówó ẹgbẹ́ tèmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni, mi ò sẹ́. ₦99,600 lóṣù kéré sí ₦117,000 epo, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ní sólà tirẹ̀ yáwó tí owó oṣooṣù rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wàhálà tirẹ̀ náà wà. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ìlọ́po méjì ohun tẹ́ ẹ ti fi pamọ́ ni wọ́n lè yá yín, ohun tẹ́ ẹ fi pamọ́ náà á sì wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn títí ẹ ó fi san gbèsè tán. Ìyẹn ni pé kí ẹ tó yá ₦1,600,000, ₦800,000 ti gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín, kò sì ní ṣeé fi ṣe owó àkọ́san. Ìyá ẹlẹ́ja ní ₦800,000 pẹ̀lú wa. ₦800,000 tó kù, àjọ ọjà tí wọ́n fẹ́ kó fún un ló gbójú lé. Ẹni tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pamọ́ kò lè wọlé lónìí kó yá lọ́la. Ó tún ní ìlà: ní tiwa, ẹni mẹ́ta ló wà níwájú ìyá náà. Onídùúró méjì ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọmọ ẹgbẹ́ bíi tirẹ̀, tí wọ́n mọ̀ pé bí kò bá san án, inú ìwé tiwọn ni a ó ti yọ ọ́. Mo ti rí ọ̀rẹ́ ogún ọdún tó tú ká lórí ìfọwọ́sí kan.

Háyà, fún ẹni tí kò nílé

Èyí ni mo máa kọ́kọ́ ní kí ayálégbé wò. Iléeṣẹ́ ló ni sólà, ẹ̀yin ń san owó oṣù, bó bá bàjẹ́ àwọn ló máa tún un ṣe. Bẹ́ ẹ ò bá san, wọ́n á pa iná rẹ̀ láti ibi tí wọ́n wà. Bẹ́ ẹ bá kó lọ, wọ́n á wá tú u.

Ẹ wo àpapọ̀ rẹ̀ nínú tábìlì, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àwìn oní-sólà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé nínú háyà, ẹrù àtúnṣe kò sí lórí yín. Ẹ bèèrè bóyá ó di tiyín lẹ́yìn oṣù 36. Ní ibòmíràn ó di tiyín, ní ibòmíràn ẹ ó máa san án lọ ni. Kí ẹ sì tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun páànù onílé, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ onílé. Ní ọdún tó kọjá, onílé kan ní Igbógbo sọ pé páńẹ́ẹ̀lì tó wà lórí òrùlé òun, òun ló ni ín. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi parí ẹjọ́ yẹn lọ́dọ̀ baálẹ̀.

Owó lẹ́ẹ̀kan náà

Ó kéré jù lójú ìwé. Pẹ̀lú owó epo ìyá ẹlẹ́ja, nǹkan bí oṣù mọ́kànlélógún ló máa fi pa owó rẹ̀ padà. Ọ̀nà tí èmi fúnra mi gbà nìyí, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣubú.

Mo san gbogbo owó ní ọjọ́ tí wọ́n so ó. Mo ń yangàn pé n kò jẹ gbèsè. Ní oṣù kọkànlá, bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Wáráńtì ọdún márùn-ún ló wà lórí ìwé. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní kí n mú un wá. Nígbà tí mo mú un dé, ó ní iléeṣẹ́ tó ṣe é ló ń gba irú rẹ̀, kí n dúró. Mo dúró títí wọ́n fi kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tó tú bátìrì yẹn fún mi fi inú rẹ̀ hàn mí: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti lò rí, tí wọ́n fi téèpù aláwọ̀ búlúù dì mọ́ra, tí wọ́n wá kó sínú àpótí tuntun.

Ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀, bí bátìrì rẹ̀ bá kú ní oṣù kọkànlá, owó oṣù méje ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Èmi ni mò ń pè wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lówó lọ́wọ́, ẹ má san gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ di ìdá 10 nínú 100 mú fún ọgbọ̀n ọjọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n tó gun òrùlé. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára bátìrì sórí rìsíìtì. Ẹ dán an wò lóru: ẹ pa wáyà páńẹ́ẹ̀lì, ẹ tan ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa lò, kẹ́ ẹ ka wákàtí.

Ìyá ẹlẹ́ja gba ti alájẹṣẹ́kù. Wọ́n kó àjọ rẹ̀ fún un, ó dúró títí ó fi kàn án, ó san owó oní-sólà ku ₦240,000, ó sì di ìyẹn mú fún oṣù kan gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ. Ọmọ tó wá so ó bínú, àmọ́ ó padà wá ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n láti wá yí wáyà kan tó ń gbóná padà, kó lè gba owó rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ tábìlì, ó kó apẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Nígbà tí òjò gba ọjọ́ mẹ́ta ní oṣù Keje tí oòrùn kò yọ, ó kó apẹ̀rẹ̀ kúrò, ó ra lítà mẹ́rin. Ó mú rìsíìtì rẹ̀ wá fún mi ní ìpàdé, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.